Ilé fún àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa: ṣé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni àbí bọ́ńgálò?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa obìnrin ọlọ́jà ni mí ní Sábó, Ìkòròdú. A ti ra pulọ́ọ̀tì 2 ní ọ̀nà Igbogbo, ilé la fẹ́ fi kọ́ fún àwọn ìyá inú ẹgbẹ́ wa tí wọn ò ní ibi tí wọ́n máa forí pamọ́ sí mọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti lé ní 65. Ẹni tó fẹ́ bá wa yàwòrán ní ká kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, yàrá 8 nísàlẹ̀, 8 lókè, kíṣìnì kan àti balùwẹ̀ 2 nísàlẹ̀, bákan náà lókè, ó ní ìyẹn ni owó wa fi máa ká a. Àmọ́ nígbà tí a fi àwòrán han àwọn ìyá yẹn gan-an, àwọn kan bú sẹ́kún, wọ́n ní a fẹ́ kó àwọn lọ sí ilé arúgbó. Ọ̀rọ̀ náà wá tojú sú wa. Báwo ló ṣe yẹ ká kọ́ ọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àbójútó àwọn ìyá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ohun tí ẹ kọ kí n tó dáhùn. Ìbéèrè méjì ló wà nínú ẹ̀ bó tilẹ̀ jọ ẹyọ kan: ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló dáa àbí bọ́ńgálò, ẹ sì fẹ́ mọ ìdí tí oore tí ẹ fẹ́ ṣe fi di ẹkún lójú àwọn tí ẹ fẹ́ ṣe é fún. Látibi ẹkún yẹn ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí tí a bá yanjú ìyẹn, ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ò ní le mọ́.

Àwọn ìyá yẹn kì í ṣe aláìmoore o. Wọ́n mọ àwòrán kà ju ẹni tó yà á lọ ni. Yàrá 16, kíṣìnì táwọn ènìyàn 8 máa pín, balùwẹ̀ méjì, níbo lẹ ti rí irú ẹ̀ rí? Wọ́ọ̀dù ọsibítù ni, tàbí họ́sítẹ̀lì àwọn ọmọ sùkúù. Kò sí obìnrin tó bímọ tó tọ́mọ ní Ìkòròdú yìí, tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ tajà fún 40 ọdún, tó máa gbọ́ pé kó wá lọ gba bẹ́ẹ̀dì kan ní yàrá nọ́ńbà 11 tí inú ẹ̀ ò ní bàjẹ́. Lójú tiwa, ilé arúgbó ni ibi tí wọ́n ń gbé ẹni tí kò lẹ́nìkan lọ, ẹni tó lọ́mọ tó bá débẹ̀, ayé á ní àwọn ọmọ ló gbé e jù síbẹ̀, àwọn ọmọ náà ò sì ní lè gbójú sókè láàárín ẹgbẹ́ wọn mọ́. Nítorí náà ẹ sọ ọ́ fún wọn ní kedere pé ilé ni ẹ fẹ́ kọ́, ilé tí kálukú máa ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lọ́wọ́, tó lè gba ọmọ-ọmọ lálejò nínú ẹ̀, tó lè ti ilẹ̀kùn ẹ̀ kó lọ kí ọmọ ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó padà dé kó bá ẹrù ẹ̀ níbi tó fi í sí. Àmọ́ ẹ má kàn fi ẹnu sọ ọ́, àwòrán gan-an ló gbọ́dọ̀ fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, wọ́n máa ń rò pé àìlera ló gba ilé lọ́wọ́ àwọn obìnrin yìí. Rárá o. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo ti bá jókòó, ara wọn le, kùtù hàì ni wọ́n ń jí lọ ra ọjà. Àwọn kan, ilé ọkọ ló bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nínú àṣà wa, ìyàwó kì í jogún ilé ọkọ ẹ̀, àwọn ọmọ ló ni ín, ipasẹ̀ ọmọ ni ìyá fi ń rí ẹsẹ̀ dúró níbẹ̀, torí náà tí kò bá bí, tàbí tí àwọn ọmọ ẹ̀ ò bá rí ẹnu sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ọmọ orogún, ọjọ́ tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ta ilé baba àwọn káwọn pín owó ẹ̀, ó parí nìyẹn. Àwọn míì, ọmọ ló ní kí wọ́n wá bá òun tọ́ ọmọ, ìyá fi yàrá tó rẹ́ǹtì sílẹ̀ ní ẹni 50 ọdún, ó tọ́ ọmọ mẹ́ta fún 12 ọdún, àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n nílò yàrá, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní pálọ̀, ẹnikẹ́ni ò lé e, àmọ́ òun fúnra ẹ̀ mọ̀ pé àyè ti fún. Tó bá wá ní kóun lọ rẹ́ǹtì tuntun ńkọ́? Òfin rẹ́ǹtì tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 ní onílé ò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ó sì kan Ìkòròdú níbí, síbẹ̀ ẹ̀yin náà mọ iye ọdún tí àwọn kan ń bèèrè, ká má tíì sọ ti àgírímẹ́ǹtì àti owó éjẹ́ǹtì. Obìnrin tó ń ta ata lórí àtẹ ò lè kó irú owó yẹn jọ lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, obìnrin ló sábà máa ń pẹ́ láyé ju ọkùnrin lọ, àwọn ọkọ tí àwọn ìyá wa fẹ́ sì dàgbà jù wọ́n lọ dáadáa, ọdún tí obìnrin fi ń dá wà lẹ́yìn ọkọ lè tó 20 ọdún. Ọdún gígùn yẹn lẹ̀ ń kọ́lé fún, ara ṣì ń lọ, àmọ́ ó ń rọra yí padà.

Ó ya, ká wá sí ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ayàwòrán ilé lèmi náà, mi ò ní bá ẹni tó yàwòrán jà, ó fẹ́ kó kan ènìyàn púpọ̀, ìyẹn dáa. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Pulọ́ọ̀tì kan lọ́dọ̀ wa sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, méjì á lé díẹ̀ ní 1,300 mítà onígun mẹ́rin. Tí ẹ bá kọ́ ilé 12, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 30 mítà onígun mẹ́rin, ìyẹn yàrá kan, pálọ̀ kékeré, kíṣìnì àti balùwẹ̀ tiẹ̀, gbogbo ẹ̀ ò ju 360 lọ. Ẹ fi fáráńdà kún un, ẹ fi ògiri àti ọ̀nà kún un, ilẹ̀ tó kù ṣì lé ní ìdajì fún àgbàlá, tánkì omi àti sọ́kàwéè. Ilẹ̀ yín tó. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì máa ń dín owó ilẹ̀ kù ni, ẹ sì ti san owó ilẹ̀ tán, ohun tó kù tó máa fà wá fún yín ni dẹ́kìn, irin, pílà àti fàǹdéṣọ̀n tó gbọ́dọ̀ lágbára ju ti bọ́ńgálò lọ. Àtẹ̀gùn wá ńkọ́? Tí òkè bá ga ní mítà 3, ó máa gba bíi àtẹ̀gùn 17 tàbí 18. Ẹ fojú inú wo ìyá ẹni 72 ọdún tí làkúrègbé ti mú lórúnkún, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi, wọ́n ti mú iná lọ. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dá, egungun obìnrin tètè máa ń fúyẹ́ ju ti ọkùnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, ìṣubú tí ọmọdé máa gbọnra nù níbẹ̀ lè ṣẹ́ ìbàdí ìyá àgbà, ọ̀pọ̀ ẹni tí ìbàdí ẹ̀ bá sì ṣẹ́ kì í padà rìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn tí ẹ kó sókè ò ní lè sọ̀ kalẹ̀ wá bá ẹnikẹ́ni ṣeré mọ́.

Ó ní ibi tí èmi náà ti máa gbà pé ká kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì o. Tó bá jẹ́ pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lẹ ní, tàbí tí àwọn tí kò tíì pé 60 bá wà láàárín wọn tí wọ́n lè gbé òkè. Àmọ́ ìrírí mi ni pé ẹni tó bá ti tẹ́ ilé sí òkè, tó ti mọ ibi tí oòrùn ń gbà wọlé fún un, kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ọjọ́ orí bá dé, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ò sì ní fi tiwọn sílẹ̀. Bọ́ńgálò ni mo fọwọ́ sí, ilé 12. Mo mọ̀ pé ìyẹn máa já ìyá mẹ́rin sílẹ̀, kò sì sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó má dunni. Ẹ máa bá àwọn mẹ́rin yẹn dá sí owó rẹ́ǹtì ibi tí wọ́n wà ná títí ẹ fi máa rí ilẹ̀ míì, ìyẹn sàn ju kẹ́ ẹ há gbogbo wọn mọ́ ibi tí kò ní bá ara wọn mu.

Ohun tí ọ̀nà Igbogbo máa fi dán yín wò ni omi. Mi ò tíì rí ilẹ̀ yín, torí náà ẹ lọ bi àwọn aládùúgbò ibi tí omi máa ń dé nígbà òjò, ẹ wo àmì ẹ̀ lára ògiri wọn, torí béèyàn bá ṣe ń sún mọ́ Bayeku àti ọ̀sà ni ilẹ̀ máa ń rọra lọ sílẹ̀. Bíríkìlà máa ní ká gbé ilé sókè, òótọ́ ló sọ, àmọ́ tó bá gbé e sókè ní sẹ̀ǹtímítà 60, àtẹ̀gùn mẹ́rin ti dé ẹnu ọ̀nà ìyá kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Tí ẹ bá wá fẹ́ fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rọ́pò ẹ̀, èyí tí ẹni tó mú ọ̀pá dání tàbí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn lè gùn, ìwọ̀n tí àwa máa ń lò ni 1 sí 12 (tó bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 1, á gùn ní 12), ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà 60 yẹn máa jẹ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ju mítà 7 lọ, fún ilé 12, kò lè ṣeé ṣe. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni kí n fi yẹ̀pẹ̀ kún gbogbo ilẹ̀ náà, kí àgbàlá àti ilé jọ wà lórí ìpele kan náà, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ṣoṣo wà láti títì wọlé, kí gọ́tà sì gba omi lọ láì dà á lé aládùúgbò lórí. Owó kékeré kọ́ o, ẹ fi sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti inú ilé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ó ti tó ọdún 15 báyìí, mo yàwòrán ilé fún màmá kan tí àwọn ọmọ wọn fẹ́ fi dá wọn lọ́lá, mo sì fi táìlì tó ń dán bíi dígí sí balùwẹ̀ wọn, gbogbo wa la jọ ń yọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mo lọ kí màmá. Mo wọ balùwẹ̀, mo bá àpótí onígi níbẹ̀, mo bá àkísà tí wọ́n tẹ́ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ṣáwà, béèsìnì ìfọwọ́ ti já kúrò lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màmá ní kí n má bínú, pé àwọn ti ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti yọ̀ níbẹ̀, béèsìnì yẹn ni wọ́n rí dì mú. Àwọn ni wọ́n wá ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi fún ohun tí èmi ṣe. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láyé. Látìgbà yẹn, balùwẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń yà kí n tó ya pálọ̀.

Táìlì tí kì í yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà, ẹ da omi ọṣẹ sí i ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Kí ó má sí ẹnu ọ̀nà tó ga tàbí kọ́ńkéré kékeré tí ìyá máa gbé ẹsẹ̀ kọjá kó tó wẹ̀, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ fúnra ẹ̀ rọra dà sí ojú ihò omi. Àwọn ìyá wa ṣì ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì àti igbá wẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn kí wọ́n jókòó wẹ̀, torí náà ẹ mọ ìjókòó mọ́ ògiri, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 45, kẹ́ ẹ mọ pèpéle kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí bọ́kẹ́ẹ̀tì máa wà kí wọ́n má bàa máa bẹ̀rẹ̀. Irin ìdìmú gbọ́dọ̀ wà níbi ìjókòó yẹn àti níbi tọ́ọ́lẹ̀ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ irin yìí ló sì máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, torí búlọ́ọ̀kù wa ní ihò nínú, ẹ lè lu irin mọ́ ọn lónìí kó já lọ́jọ́ tí ìyá bá gbára lé e. Ẹ sọ fún bíríkìlà látìgbà tó bá ti ń mọ ògiri pé kó fi kọ́ńkéré dí ihò àwọn búlọ́ọ̀kù ibẹ̀. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ìta ni kó máa ṣí sí. Tí ìyá bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, ara ẹ̀ ló máa dí ilẹ̀kùn yẹn, àwọn tó fẹ́ gbà á ò ní lè wọlé. Gbogbo ilẹ̀kùn ilé náà, sẹ̀ǹtímítà 90 ni kẹ́ ẹ fi fẹ̀. Láti bẹ́ẹ̀dì dé tọ́ọ́lẹ̀ẹ̀tì, ọ̀nà tààrà, ìṣísẹ̀ mélòó kan péré, kí súìṣì wà níbi tí ọwọ́ máa tó o láti orí bẹ́ẹ̀dì, kí iná sólà kékeré kan sì máa tàn síbẹ̀ mọ́jú, torí ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta ni àgbàlagbà ń dìde tọ̀ lóru, ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣubú.

Kíṣìnì, ẹ fún kálukú ní tiẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Àwọn obìnrin wà nínú wọn tó ti bá orogún pín ààrò fún 30, 40 ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá wọn padà síbẹ̀. Gáàsì ni kí wọ́n máa lò nínú ilé, kí sílíńdà wà níta lẹ́yìn ògiri nínú irin tó ní àgádágodo, kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan máa bá wọn gbé e lọ kún. Ẹ tún ṣe ahéré kan sí àgbàlá, níbi tí wọ́n ti lè jọ dáná igi tí wọ́n bá fẹ́ se nǹkan ọdún tàbí yan ẹja. Omi gbọ́dọ̀ wọ inú ilé kọ̀ọ̀kan, tọ́ọ́lẹ̀ẹ̀tì pẹ̀lú. Ẹ̀yin náà mọ ọjọ́ Orò nílùú wa, obìnrin ò gbọ́dọ̀ yọjú síta. Mo ti rí ilé tí omi àti tọ́ọ́lẹ̀ẹ̀tì wà lẹ́yìnkùlé, tí màmá kan ò mu omi kankan láti àárọ̀ kó má bàa di pé ó ń tọ̀. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló wà nínú ẹgbẹ́ yín, torí náà ẹ fi ẹ̀rọ omi kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìjókòó nínú àgbàlá, kí ẹni tó fẹ́ ṣe àlùwàlá má máa gbé ẹsẹ̀ sókè sínú béèsìnì, àwọn tó ti ọjà dé náà á máa fọ ẹsẹ̀ níbẹ̀.

Ọjà yìí gan-an lẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ìyá tó ti fi 40 ọdún tajà, tí ẹ bá kó o lọ síbi tí kò ti lè tajà, ẹ ti gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn, ẹ sì ti gba àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú. Ẹ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà láti ilẹ̀ yín dé ibi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ti máa gbé wọn lọ sí Sábó, tó bá ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ fún ẹ̀yin, ó ti jìn fún wọn. Ẹ wá kọ́ fáráńdà tó fẹ̀ sí iwájú tó kọjú sí títì, tó lórùlé, tí àtẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún lè wà níbẹ̀ fún ògì, èlùbọ́ àti òróró. Àwọn ilé fúnra wọn, ẹ tò wọ́n yí àgbàlá ká, kí ojú fèrèsé wà nílẹ̀ dáadáa kí ẹni tó jókòó lè rí ìta, kí ilẹ̀kùn ìyá kọ̀ọ̀kan sì wà níbi tí ojú ìyá méjì mẹ́ta míì tó o. Tí fèrèsé Ìyá Alátà ò bá tíì ṣí ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹnìkan á ti lọ kanlẹ̀kùn.

Ẹ má rò pé àlá ni mo ń lá. Ní Barnet, ní àríwá ìlú London, àwọn obìnrin kan tó ti lé ní 50 ọdún ṣe irú ẹ̀, ilé 25, New Ground ni wọ́n pè é, 2016 ni wọ́n kó wọlé. Àwọn kan ra tiwọn, àmọ́ wọ́n fi 8 sílẹ̀ fún àwọn tí kò lágbára àtirà, àwọn yẹn ń san rẹ́ǹtì tó fúyẹ́. Kálukú ló ní ilé tiẹ̀, wọ́n tún ní pálọ̀ ńlá tí wọ́n ti ń jọ jẹun, wọ́n sì bá àwọn ayàwòrán jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 18 ló gbà wọ́n, torí 1998 ni ẹgbẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ ilé kíkọ́ tó ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì ń gba owó ìfẹ̀yìntì, èyí tí àwọn ìyá Sábó ò ní, torí náà ẹ má wo bí ilé wọn ṣe rí, ẹ wo bí wọ́n ṣe jókòó ti àwòrán wọn.

Ní ti owó, ètò rent-to-own (kéèyàn máa san owó ilé díẹ̀díẹ̀ bíi rẹ́ǹtì títí ilé á fi di tiẹ̀) tí ìjọba Èkó gbé jáde ní 2016, ìdá 5 nínú 100 ni wọ́n ń san ṣíwájú, wọ́n á san ìyókù fún ọdún 10. Ètò tó dáa ni fún ọ̀dọ́ tó ń gbowó oṣù, ìyá ẹni 70 ọdún ò lè bẹ̀rẹ̀ gbèsè ọdún 10. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ló ni ilé, kí ìyá ní ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé, kó máa dá owó kékeré lóṣooṣù fún àtúnṣe pọ́ǹpù àti sọ́kàwéè, kí àwọn ọmọ sì fọwọ́ sí i láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ilé náà ò ṣeé jogún. Tí ìyá bá lọ, ẹ fún wọn láyè kí wọ́n ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ tán kí wọ́n tó kó ẹrù. Lọ́yà ni kó kọ ìwé yẹn o, kì í ṣe èmi.

Ibì kan wà tí ilé ò lè dé. Tí ìyá bá dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde mọ́, tàbí tí iyè ẹ̀ bá ń ra tó ń jáde kiri lóru, àwọn ìyá 11 tó kù kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ ò gbọ́dọ̀ di ẹrù yẹn lé wọn lórí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní pálọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ wà, kí ọmọ tàbí ẹni tí ẹ bá gbà lè sùn síbẹ̀. Bí a ó ṣe rí ẹni yẹn, ta ló máa sanwó ẹ̀, ẹ jókòó sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ nísinsìnyí tí gbogbo wọn ṣì ń rìn.

Kí ẹnikẹ́ni tó da sìmẹ́ńtì, ẹ kó àwọn ìyá lọ sórí ilẹ̀ yẹn lọ́jọ́ Sátidé kan. Ẹ fi èèkàn àti okùn wọn ilé kan ṣoṣo sílẹ̀ bó ṣe máa rí gan-an, ẹ fi ẹfun fa ibi tí ògiri máa wà, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì kan lọ, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, àga kan. Ẹ ní kí ìyá tí orúnkún ń dùn jù láàárín wọn dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, kó dìde, kó rìn lọ sí ibi tí tọ́ọ́lẹ̀ẹ̀tì máa wà, kó padà. Ẹ máa sún okùn títí á fi ní ó ti tẹ́ òun lọ́rùn, lẹ́yìn náà kí ayàwòrán yín wá fi tépù wọ̀n ọ́n.